Àfonífojì Odò Ọ̀ṣun àti ti Odò Ògùn: èwo ni kí ará Ìbàdàn yàn?

Ìlú Ìbàdàn wà láàárín odò méjì tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ orúkọ wọn. Ọ̀ṣun ń ṣàn ní ìhà ìlà-oòrùn wa, Ògùn sì ń ṣàn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti agbègbè Òkè-Ògùn títí ó fi gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba orí afárá Aṣéjírè kọjá láìmọye ìgbà, tí a kò sì béèrè rí pé níbo ni omi tó wà lábẹ́ wa ti ń bọ̀, tàbí kí ló wà létí rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ a máa bi mí pé ibo ni kí àwọn kó ọmọ lọ: ṣé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni, àbí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Old Oyo National Park, tí odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá? Mo ti lọ sí ibi méjèèjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ìgbà òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì ti ṣe àṣìṣe tí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún ṣe.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ohun tí ibi méjèèjì ń fún àlejò yàtọ̀ síra. Igbó Ọ̀ṣun a máa sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ẹni tó bá wọlé, nítorí ère wà níbẹ̀, ojúbọ wà níbẹ̀, afinimọ̀nà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń sin odò náà kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Àfonífojì Ògùn kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú tó wà níbẹ̀ ti tú, igbó ti bò ó, ìtàn tí ẹ bá sì gbé láti ilé lọ ni ẹ ó fi rí i. Ṣùgbọ́n tí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹranko, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá.

Bí ibi méjèèjì ṣe tóbi tó, àti bí a ṣe ń débẹ̀

Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ hẹ́kítà 75 péré. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn yí ojúbọ àti ère ibẹ̀ ká láàárín wákàtí mẹ́ta, kí ó tún ní àyè láti jókòó létí odò. Ọgbà Old Oyo National Park ní tirẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,512 níbùú lóòró, èyí tó ju ìlọ́po 3,000 Igbó Ọ̀ṣun lọ, kò sì sí ẹni tí yóò rí gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Wọ́n pín in sí ẹkùn mélòó kan, lára wọn ni Ọ̀yọ́-ilé, Marguba, Tede, Sẹ́pẹ́tẹ̀rí àti Yemọsọ, ẹkùn tí ẹ bá sì yàn ni yóò sọ ohun tí ẹ ó rí. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé òun ti lọ sí “Old Oyo”, ẹ bi í pé ẹkùn wo ni, nítorí ẹni tó lọ sí Marguba lọ wo ẹranko lè má fi ojú kan òkúta kan ṣoṣo nínú ahoro Ọ̀yọ́-ilé.

Láti Ìbàdàn dé Òṣogbo kò ju nǹkan bí 90 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ èrò ń lọ láti Ìwó Road láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán kọjá. Tí ẹ bá dé Òṣogbo, kò sí ọlọ́kadà kan tí kò mọ ojúbọ Ọ̀ṣun. Ẹ lè jẹun àárọ̀ nílé yín ní Bódìjà kí ẹ sì jẹun alẹ́ nílé kan náà.

Ti Ògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ dé, èyí tó jẹ́ nǹkan bí wákàtí kan sí Ojoo bí ọ̀nà bá dára, nítorí pé ibẹ̀, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni olú ilé-iṣẹ́ ọgbà náà wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ béèrè bóyá ọ̀nà inú ọgbà ṣeé gbà, bóyá ibùwọ̀ wà ní ẹkùn tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì béèrè nípa ààbò, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ló mọ ibi tó yẹ kí ènìyàn yà fún ní àsìkò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gbéra láìṣe èyí. Láti Ọ̀yọ́, ẹni tó ń lọ wo ẹranko yóò gba Ìsẹ́yìn lọ sí ìhà Sẹ́pẹ́tẹ̀rí, ọ̀nà tó ju 100 kìlómítà lọ. Ẹni tó ń lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-ilé yóò gba ọ̀nà Ìgbòho tàbí Ìgbẹ́tì. Ọkọ̀ kékeré lè dé ìlú wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gíga tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni ẹ fi lè wọ inú igbó. Ẹ kó oúnjẹ, omi mímu àti epo ọkọ̀ tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ẹ ó lò lọ. Ó kéré tán, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀: ọjọ́ kan fún àlọ, ọjọ́ kan fún inú igbó, ọjọ́ kan fún àbọ̀.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní, ọ̀rọ̀ ti parí: Òṣogbo ni kí ẹ lọ.

Ẹranko

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí àfonífojì Ògùn, oṣù kẹsàn-án ọdún ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì la jọ lọ. A rò pé nígbà tí òjò bá rọ̀ tí igbó sì tutù yọ̀yọ̀ ni ẹranko yóò pọ̀. Koríko ga ju orí wa lọ. Ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì fi odidi ọ̀sán kan gé ẹ̀ka igi há sábẹ́ táyà. Ẹ̀ṣọ́ tó mú wa káàkiri fi ipa ẹsẹ̀ hàn wá nínú ẹrẹ̀ náà, ó sọ èyí tó jẹ́ ti àgbọ̀nrín àti èyí tó jẹ́ ti ìmàdò, ṣùgbọ́n a kò rí ẹranko kan ṣoṣo. Ó wá sọ fún wa tìfẹ́tìfẹ́ pé nígbà òjò, omi wà níbi gbogbo, kò sídìí tí ẹranko fi gbọ́dọ̀ wá sí ibi tí ènìyàn wà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni gbogbo àṣírí ibẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, tí àwọn ìṣàn kéékèèké bá ti gbẹ, ìwọ̀nba ibú tó kù nínú odò Ògùn àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ni ẹranko ní láti wá mu. Koríko náà yóò ti jó, ojú á sì ríran jìnnà. Mo padà lọ ní oṣù kìíní ọdún. A jí ní ìdájí, òtútù ọyẹ́ mú débi pé ètè wa là, a sì dúró lórí àpáta kan tó kọjú sí odò láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, egbin mẹ́rin jáde láti inú igi òdìkejì. Èyí tó ṣáájú dúró fún ìgbà pípẹ́, etí rẹ̀ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó tó tẹ orí ba omi. Bí ó ti gbé orí sókè padà, omi ń kán tó tó láti ẹnu rẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń tàn sí ọrùn rẹ̀ tó pupa bí ide. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń yin obìnrin pé ó dára bí egbin. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Yàtọ̀ sí egbin, àgbọ̀nrín wà nínú ọgbà náà, ẹtu wà, ìmàdò wà, ìjímèrè pupa tó ń sáré lórí ilẹ̀ bí ajá náà wà, pẹ̀lú àwọn ọ̀bọ ńláńlá tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ lórí àpáta. Ẹfọ̀n náà ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìyẹn sọ́kàn bí ohun tí ẹ ó rí dandan. Ìjọba ti ń ṣọ́ apá kan nínú ilẹ̀ náà láti ọdún 1936, gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ó di ibi ìdáàbòbò ẹranko ní 1952, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Síbẹ̀, ọdẹ aláìgbàṣẹ àti àwọn tí ń da màlúù kò ṣíwọ́, ẹranko ibẹ̀ sì ti mọ̀ pé ó yẹ kí òun bẹ̀rù ènìyàn. Ẹ lọ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn, tí apá rẹ̀ gùn, nítorí eṣinṣin igbó a máa jẹni gidigidi.

Ní Igbó Ọ̀ṣun, ẹranko tí ẹ ó rí kò ju ọ̀bọ àti ẹyẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó rí wọn láìṣe wàhálà. Nítorí pé ọdẹ kò gbọ́dọ̀ yìnbọn níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pẹja tàbí dá oko, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò bẹ̀rù ẹnì kankan. Wọ́n á jókòó sórí ògiri ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ọwọ́ yín bóyá ẹ̀pà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin di ìpápánu rẹ̀ mú dáadáa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí ìgbà tí ìyá ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ. Fún ọmọ ọdún márùn-ún, èyí dùn ju egbin tó wà lódìkejì odò lọ. Ẹ kàn má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi oúnjẹ fa ojú wọn mọ́ra, nítorí ọ̀bọ a máa géni jẹ.

Ohun mìíràn tí Igbó Ọ̀ṣun ní ni igi. Ìwọ̀nba igbó kìjikìji tó ṣẹ́kù ní agbègbè yẹn ni, nǹkan bí 400 irú ewéko ni wọ́n sì kà níbẹ̀, tí iye tó ju ìdajì wọn lọ jẹ́ èyí tí àwọn àgbà mọ̀ fún egbòogi. Àfonífojì Ògùn kì í ṣe irú igbó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dàn ni, igi ẹ̀mí àti igi irú ló pọ̀ níbẹ̀, òkè olókùúta sì yọrí káàkiri. Ẹni tó fẹ́ ibòòji, Ọ̀ṣun ni. Ẹni tó fẹ́ ojú ọ̀run gbalaja, Ògùn ni.

Ìtàn

Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró pẹ́, nítorí pé ìtàn àfonífojì méjèèjì yìí ni ìtàn bí Ìbàdàn ṣe di Ìbàdàn, a kì í sì í sábà so wọ́n pọ̀.

Ọ̀yọ́-ilé ni olú ìlú Aláàfin ní ìgbà tí agbára Ọ̀yọ́ kárí ilẹ̀ Yorùbá tó sì kọjá rẹ̀. Nígbà kan, àwọn Tápà lé àwọn Aláàfin jáde níbẹ̀, wọ́n sì jọba ní Ìgbòho fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó padà sílé. Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sin sí Ìgbòho. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Aláàfin Abípa pinnu láti dá ìlú padà sí Ọ̀yọ́-ilé, àwọn ìjòyè kan tí kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho rán àwọn ènìyàn lọ sínú ahoro náà lóru láti máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Abípa rán ọdẹ lọ, wọ́n mú àwọn “ọ̀rọ̀” náà, ìyẹn àwọn tó ń ṣe bí iwin, láàyè, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pe ọba yìí ní Ọba-mọ́rọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹnìkan kí ẹ tó lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, tó wá dúró nínú ahoro kan náà ní ìrọ̀lẹ́, kò ní rí ibẹ̀ bí igbó lásán mọ́.

Ní ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton àti Richard Lander dé Ọ̀yọ́-ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Kàtúngà, wọ́n sì bá ọba lórí ìtẹ́ àti ọjà tó ń ná. Kò pé ọdún mẹ́wàá tàbí díẹ̀ lé lẹ́yìn náà tí gbogbo rẹ̀ fi dahoro. Aláàfin Olúewu kú sójú ogun Ìlọrin ní àárín àwọn ọdún 1830, àwọn ará ìlú fọ́n ká, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ d'Ọ̀yọ́, ibi tí ó wà títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá lọ sí gúúsù láti ìlú Ọ̀yọ́ tí ogun fọ́ ló wá kún bùdó ogun kan tí àwọn jagunjagun ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1829. Bùdó náà ni Ìbàdàn. Bí ìdílé yín bá ń pe ara wọn ní ọmọ Ọ̀yọ́ nínú oríkì, ilé àwọn baba yín ni ẹ ń lọ wò lẹ́bàá àfonífojì Ògùn.

Kí wá ni ẹ ó rí níbẹ̀? Ògiri amọ̀ ìlú tó ti rẹlẹ̀ di ebè gígùn nínú igbó, tí ẹ̀ṣọ́ kò bá fi ọwọ́ tọ́ka sí i, ẹ ó kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀. Ihò àpáta Agbaku, níbi tí wọ́n ti ń sá pamọ́ nígbà ogun. Àpáàdì káàkiri ilẹ̀. Mo gbé ọ̀kan tí wọ́n ti fi nǹkan ṣóńṣó fín ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára, mo sì dá a padà síbi tí mo ti gbé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí gbogbo àlejò ṣe. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni àwọn kòtò tó wà lójú àpáta, níbi tí àwọn obìnrin ti lọ àgbàdo àti ọkà bàbà fún ọ̀pọ̀ ìran títí òkúta fi jẹ wọnú. Tẹ́ ọwọ́ rẹ sínú rẹ̀, yóò gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ ṣánṣán, ó ń dán bí inú àwo. Ẹ rántí náà pé ọjà Akẹ̀sán tó wà níwájú ààfin Ọ̀yọ́ lónìí, orúkọ ọjà ìlú tó tú yìí ni wọ́n fi sọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọjá ní Ọ̀yọ́, ẹ yà sọ́jà náà kí ẹ tó lọ sínú igbó. Yóò ràn yín lọ́wọ́ láti fojú inú wo ohun tó ti wà níbẹ̀ rí.

Ní ti Òṣogbo, ìtàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Láròóyè àti ọdẹ Olútìmẹ́hìn, tí wọ́n wá omi dé etí Ọ̀ṣun. Wọ́n gé igi kan, ó wó lu odò, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ omi pé, “Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ pé ìlú náà gba orúkọ rẹ̀. Láròóyè bá odò dá májẹ̀mú, ẹja tó jẹ́ ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun jáde, ọba sì tẹ́ ọwọ́ gbà á; ìdí nìyí tí oyè ọba wọn fi jẹ́ Àtẹ́wọ́gbẹja, tí a gé kúrú sí Àtáọ́ja.

Ẹ ó rí gbogbo èyí lójú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ojúbọ mẹ́sàn-án ló wà fún ìsìn, ojúbọ àti ère tó wà nínú igbó náà lápapọ̀ sì tó 40. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ère ńlá náà jẹ́ iṣẹ́ Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó di olórìṣà, tí ará Òṣogbo sọ ní Àdùnní, tó sì kú síbẹ̀ ní 2009. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, Bùráìmọ̀ Gbàdàmọ́ṣí agbẹ́kùúta, àti Kasali Akangbe agbẹ́gilére wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n. Ní ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti ń gé igi ibẹ̀ tà, wọ́n sì ń jí ère gbé. Ère ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé ni wọ́n fi ṣọ́ ilẹ̀ náà. Ìjọba kéde apá kan ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹ wo ère Ìyá Mòòpó dáadáa, ìyá tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin. Orúkọ rẹ̀ kan náà ni òkè kan ń jẹ́ ní Ìgbẹ́tì, lọ́nà Ọ̀yọ́-ilé. Ẹni tó bá lọ sí ibi méjèèjì yóò bá a pàdé lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbàdàn náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn Òṣogbo. Nígbà tí Ọ̀yọ́-ilé tú tán, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń bọ̀ sí gúúsù, wọ́n sì dó ti Òṣogbo. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí Balógun Odérìnlọ́ ṣáájú wọn lọ gbèjà ìlú náà, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní àfonífojì Ògùn ni wọ́n dá dúró ní àfonífojì Ọ̀ṣun. Bí mo bá ń dúró lórí afárá tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ sórí odò náà, èrò ọjọ́ yẹn ni í máa wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ ọdún, omi, àti ìtura

Ẹ má ṣe rò pé oṣù kẹjọ ni ìgbà tó dára jù láti mọ Igbó Ọ̀ṣun. Ọdún Ọ̀ṣun a máa gba ọjọ́ méjìlá, láti Ìwọ́pópó, dórí títan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, dórí Ìboríadé, títí di ọjọ́ tí Arugbá yóò ru igbá lọ sétí odò. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá rí i lẹ́ẹ̀kan láyé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Arugbá, èrò a pọ̀ débi pé ẹ kò ní rí ère, ẹ kò ní gbọ́ ẹyẹ, ọ̀bọ á sì ti sá wọnú igbó lọ. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ bá wọn jà fún àyè. Bí ẹ bá fẹ́ ibẹ̀ fún ìtura àti ẹ̀kọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ewé sì tutù síbẹ̀, ni mo yàn fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ kí ẹ tó ya fọ́tò wọn.

Ọ̀rọ̀ omi Ọ̀ṣun ń dùn mí. Ẹni tó mọ odò náà tẹ́lẹ̀ kò ní fẹ́ wo àwọ̀ tó ní báyìí. Láti nǹkan bí 2021 ni àwọn tó ń wa wúrà lókè odò, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, ti mú kí omi náà ṣú bí tíì oníwàrà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu ún. Àwọn tó wá gba àdúrà létí odò kò yéé bu ún sínú kéègì. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ: ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ún, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti Ògùn, omi rẹ̀ mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ìwẹ̀ kò bójú mu níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibú rẹ̀ jìn lójijì, àtọ̀sí ajá sì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ omi tó dúró sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ wo omi gbalaja láìwọ inú igbó lọ lè yà sí ìdídò Ikere Gorge nítòsí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti dí Ògùn láàárín òkè. Àwọn apẹja ń ta ẹja tútù níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ sì tutù gan-an. Fún àgbàlagbà tó fẹ́ rí àfonífojì Ògùn ṣùgbọ́n tí kò lè fara da ọ̀nà inú ọgbà, ibẹ̀ ni mo máa ń júwe.

Bí ẹ kò bá lè kúrò nílùú

Ẹni tí owó tàbí àyè kò gbà á láyè, kí ó má ṣe jókòó sílé. Agodi Gardens wà lórí ìṣàn Ògùnpa. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967 pẹ̀lú ẹranko àti igi, ẹ̀kún omi Ògùnpa ti ọdún 1980 gbá a lọ pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹranko ibẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ṣí padà ní 2014. Ó dára fún ọmọdé. Ìtàn tó wà níbẹ̀ ni ti omíyalé, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí wa tó fojú rí i sọ ọ́ fún wọn lórí koríko ibẹ̀. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn náà wà fún ẹni tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí kìnnìún dájúdájú.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn kò mọ̀ ni igbó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Mọ́níyà. Nínú ilẹ̀ hẹ́kítà 1,000 tí wọ́n ní, wọ́n fi èyí tó ju 300 sílẹ̀ fún igbó, ìdídò omi wà níbẹ̀, irú ẹyẹ tí wọ́n sì ti rí níbẹ̀ ju 250 lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ẹyẹ dúdú kékeré kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀ga, tí orí àti àyà rẹ̀ pupa, ń jẹ́ orúkọ ìlú wa: Malimbus ibadanensis. Onímọ̀ ẹyẹ J. H. Elgood ló kọ nípa rẹ̀ fún àgbáyé ní 1958, kò sì sí níbòmíràn láyé bí kò ṣe ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ kọ̀wé tàbí kí ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, nítorí wọn kì í kàn ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ṣáà dé. Bí ẹyẹ bá jẹ́ ìfẹ́ yín ju ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ máa lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ gbàgbé Ọ̀ṣun àti Ògùn fún ọjọ́ náà.

Ta ni kí ó lọ síbo?

Ẹni tó ní ọmọ kékeré tàbí òbí àgbà lọ́wọ́, tàbí tí èyí jẹ́ ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ sí irú ibi bẹ́ẹ̀, Òṣogbo ni kí ó lọ, kí ó sanwó fún afinimọ̀nà, kí ó má sì dá rìn. Olùkọ́ tó ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ náà, ibẹ̀ ni. Àwọn ọmọ yóò padà pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè yà àti èyí tí wọ́n lè kọ. Ẹni tó jẹ́ pé ẹranko ni ó ń wá, tó lè sun ibi tí iná ìjọba kò sí, tó sì ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n lè jọ dá owó ọkọ̀, kí ó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó lọ sí ẹkùn Marguba tàbí Sẹ́pẹ́tẹ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn tayọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀yọ́-ilé, kí ó tó wá sí Òṣogbo ní ọdún kan náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, àfonífojì Ògùn ni n ó mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le ju, ó sì wọ́n ju. Ní oṣù kejìlá tó ń bọ̀, mo ti ṣètò láti mú ọmọ mi àgbà lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ó ti mọ oríkì ìdílé wa dé ibi tí a ti ń pe Ọ̀yọ́, mo sì fẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ inú kòtò ọlọ wọ̀nyẹn.